Sípáà àti Igi Arère: Ìrántí Ìsìkàn

Ní nǹkan bí ọdún 2004, ẹni tó bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́, káfé ló ń lọ. Fóònù alágbèéká ti dé lóòótọ́, torí pé ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ká pe ara wa, ká fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkókò ni wọ́n ń tà ní káfé. Wọ́n á fún ọ ní ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, wàá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó rẹ lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa lọ lóru títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé owó òru kò tó tọ̀sán, èrò kì í sì í pọ̀ lórí ìlà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi òru bẹ́ẹ̀ wá yunifásítì sí òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń fi tirẹ̀ wá àwòrán apá ọkọ̀ òfuurufú.

FUTA ló wà nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ọ̀dọ̀ wa ní Ìsìkàn ló sì ń gbé. Èmi ti jáde girama, mò ń retí JAMB, mo sì di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìsìkàn tí mò ń wí yìí ní ọba tirẹ̀, Ìralépo, àmọ́ ilé ti so ó pọ̀ mọ́ Àkúrẹ́ débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ti ọjà Ìsìkàn ń bọ̀ wá sí àdúgbò wa, ariwo ayùn àti òórùn pákó tútù ló máa kọ́kọ́ pàdé rẹ. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbọ́ ìròyìn Air Beetle, bàálù kékeré tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú ilẹ̀ wa tò ní Kàdúná ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí wọ́n gbé ka orí àwòrán RV-6 ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó ní bí wọ́n bá lè to ńlá ní Kàdúná, a lè to kékeré ní Ìsìkàn. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn, nítorí pé ìgbà tó bá ti sọ nǹkan, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń gbé ti káfé bọ̀ ní òwúrọ̀, dískẹ́ẹ̀tì ni. Dískẹ́ẹ̀tì kan kì í gbà ju mẹ́gábáìtì kan àti díẹ̀ lọ, nítorí náà ètò kọ̀ǹpútà tó fẹ́ lò láti ya apá, ṣe ló gé e sí wẹ́wẹ́, tó pín in sórí bíi mélòó kan. Àwòrán ìrísí apá ní tirẹ̀ kò wúwo rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Selig ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ti kó wọn jọ rẹpẹtẹ síbi kan, ẹnikẹ́ni sì lè mú èyí tó wù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n, ìlà lórí ìlà: bí o bá rìn tó báyìí láti etí iwájú apá, báyìí ni òkè rẹ̀ ṣe ga tó, báyìí ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. A mú Clark Y. Virginius Clark ló ya á ní 1922, òun náà ló wà lára bàálù tí Charles Lindbergh dá nìkan wà kọjá òkun Àtìláńtíìkì ní 1927. Kì í ṣe òkìkí rẹ̀ la wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú láti ibi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ sẹ́yìn, nítorí náà èèyàn lè tò ó sórí tábìlì pẹrẹsẹ kó má fì sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tí kò ní ju tábìlì káfíńtà lọ kò lè rí ohun tó dára ju ìyẹn.

Tábìlì káfíńtà náà ṣe pàtàkì, torí pé ọ̀dọ̀ Bàbá Káfíńtà la ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mìíràn. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, òrùlé, àga ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tí wọn kì í ṣe. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé àwòrán apá wá sọ́dọ̀ wọn, wọ́n yí ìwé náà padà síwá, wọ́n yí i padà sẹ́yìn, wọ́n wá bi wá pé, "Igi tó gbé e dúró dà?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ sípáà. Apá bàálù kékeré ní àwọn egungun ìhà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a gé ní ìrísí apá, tí a tò tẹ̀lé ara wọn láti ìdí apá dé ṣóńṣó. Egungun ìhà ló ń fún apá ní ìrísí, ṣùgbọ́n kò lè dá gbé ẹrù bàálù. Igi gbọọrọ tó gba inú gbogbo wọn kọjá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òun ni sípáà, òun ló ń ru bàálù. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé apá sókè, tìsàlẹ̀ ni a ń fà, tòkè ni a ń tẹ̀ pọ̀. Igi sì máa ń fara da fífà ju títẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tòkè ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́.

Ní ti igi tí a máa fi ṣe é, ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ jáde sọ pé balsa ni, èyí tó ń wá láti Ekuadọ̀. Bàbá wò wá títí. Wọ́n wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n sì gbé pákó arère kan jáde, tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò pákó tó ń bọ̀ láti Oǹdó. Arère wúwo ju balsa lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú igi ilẹ̀ wa tí káfíńtà lè rí rà, ìwọ̀nba ló fúyẹ́ tó o: kò le jù, ìfági ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì tọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo wá kà á pé àwọn tó ń ṣe bàálù kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi arère tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo apá onífóòmù láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ni wọ́n ń tà lókè òkun ní orúkọ obeche, òun náà ni wawa àwọn ará Gánà. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀, nítorí pé inú ìwé àwọn ẹlòmíràn ni mo ti wá mọ iyì ohun tó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá.

Apá tí a yà gùn ní 1,400 mìlímítà láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Fífẹ̀ rẹ̀ ní ìdí jẹ́ 240 mìlímítà, ní ṣóńṣó ó jẹ́ 160. Etí iwájú rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ẹ̀yìn ló ń dínkù bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó wà ní yàrá rẹ̀, a sì ń sáré kí NEPA tó mú iná lọ. Ìwé àkọ́kọ́ jáde, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ kò pẹ́ títí. Àwọn egungun ìhà kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ti ìdí apá, dípò 240, nǹkan bí 233 ni rúlà ń kà. Ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́ ti fún àwòrán náà pọ̀ kó lè gba ojú ìwé, ó sì ti pa iye wọn dà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń fi ìlà kan tó gùn ní 100 mìlímítà sí igun ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí rúlà kò bá ka ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, a kì í mú ìwé náà kúrò níwájú ẹ̀rọ.

Èkejì ló gba ọgbọ́n. Ètò náà ní ibi tí èèyàn ti ń sọ ibi tí sípáà máa gbà: apótí kan fún ìdí apá, òmíràn fún ṣóńṣó. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ 30% sínú méjèèjì kí a tó dé ibẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ibẹ̀ ni Clark Y ti nípọn jù. Ṣùgbọ́n ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún 240 jẹ́ 72, ti 160 sì jẹ́ 48. Ìyẹn ni pé ihò sípáà wà ní 72 mìlímítà sí etí iwájú ní ìdí apá, ó wá sún mọ́ ọn di 48 ní ṣóńṣó. Nígbà tí etí iwájú sì tọ́, sípáà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, mìlímítà 24 lápá ọ̀tún, 24 lápá òsì. Ní àárín bàálù, ibi tí méjèèjì ti pàdé, wọ́n ṣe kọ́lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, apá kan ṣoṣo la ń rí, nítorí náà kò sí ohun tó jọni lójú. Ọ̀rọ̀ di ti ojúkojú nígbà tí Bàbá ti fá sípáà tán. Wọ́n ti wá pákó tí ojú rẹ̀ kò wọ́, wọ́n sì fá ọ̀pá kan ṣoṣo láti inú rẹ̀, tó gùn láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, tí iṣan igi gbà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì láìyà. Wọ́n gbé e lé àwòrán. Ó wọ ihò àwọn egungun àárín, ó sì kọjá sẹ́yìn ihò àwọn ti ìta. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a gé e ní àárín, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní kọ́lọ.

Bàbá gbé ìfági sílẹ̀. "Ibi tí ẹrù wúwo sí jù lẹ fẹ́ gé? Ẹ máa gbé e lọ sílé, kí ẹ lọ tún ìwé yín ṣe. Igi mi kò ní àbùkù."

A gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ètò náà, ó ń ti ibi kan bọ́ sí ibi kan, títí tó fi rí i pé ẹ̀gbẹ́ apótí 30% yẹn, ibì kan wà téèyàn lè tẹ̀ kó sọ iye náà di mìlímítà láti etí iwájú, dípò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. A kọ 72 sí ìdí, a kọ 72 sí ṣóńṣó. Sípáà tọ́.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ní ṣóńṣó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 160, 72 wà ní ìdá márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti kọjá ibi tó nípọn jù. Ó di dandan kí a mọ iye tí a pàdánù. Clark Y ga ní 11.7% ti fífẹ̀ rẹ̀ níbi ìdá ọgbọ̀n. Níbi ìdá ogójì ó jẹ́ 11.4, níbi ìdá àádọ́ta ó jẹ́ 10.52. Èyí tí a wà láàárín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 11. Nítorí náà, dípò mìlímítà 18.7, a ní 17.6 ní ṣóńṣó. Mìlímítà kan péré la san láti ní sípáà tí kò ní oríkèé, ní ibi tí ẹrù kò ti pọ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí a fa etí iwájú ṣóńṣó sẹ́yìn ní mìlímítà 24, sípáà á tọ́, á sì wà níbi tó nípọn jù jálẹ̀jálẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí lónìí, ìyẹn ni màá mú. Nígbà náà, a ti lẹ àwòrán etí iwájú mọ́ pátákó, owó títẹ ìwé tó wà nílẹ̀ kò sì ju ti àwọn egungun lọ.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. A tẹ àwọn egungun tuntun jáde, mo ń fi abẹ́ gé wọn lórí ìwé, bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ìta, egungun kan já sí méjì lọ́wọ́ mi. Apá iwájú dá wà, apá ẹ̀yìn dá wà. Mo mú òmíràn, bákan náà ló rí. Gbogbo àwọn tó wà ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin apá, síhà ṣóńṣó, kò sí ọ̀kan tó wà lódindi.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ṣe ṣe é lórí ẹ̀yìn ìwé nígbà náà. A ti sọ fún ètò náà pé sípáà òkè jin ní mìlímítà 8, tìsàlẹ̀ náà 8. A sì ti sọ fún un pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa fi bo apá nípọn ní mìlímítà 2. Ètò náà kọ́kọ́ máa ń yọ ìbora yẹn kúrò lókè àti nísàlẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ihò sípáà láti ojú ibi tó kù. 17.6, yọ 4 kúrò, ó ku 13.6. Ihò méjèèjì jẹ́ 16. Ihò òkè àti tìsàlẹ̀ ti pàdé, wọ́n tún gba inú ara wọn kọjá. Kọ̀ǹpútà kò pariwo. Iye tí a fún un ló lò, ó ya egungun tó já, ó sì tún gbé e kalẹ̀ fínnífínní. Ẹni tó bá ń wo gbogbo apá lẹ́ẹ̀kan náà lójú kọ̀ǹpútà kò lè rí i, àfi kó sún un mọ́lé, kó sì wo egungun kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a yọ ìbora kúrò. Ìyẹn ì bá mú kí apá máa yí bí afẹ́fẹ́ bá kọ lù ú. A gbé egungun tó já náà lọ fún Bàbá. Wọ́n wò ó, wọn ò tilẹ̀ bèèrè ìṣirò kankan.

"Ẹ̀ka igi wo lẹ rí rí," ni wọ́n wí, "tó nípọn dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó?"

Wọ́n fi ọ̀pá sípáà há ẹnu fáìsì, wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà láti àárín lọ sí ìta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ìfági ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìfáfá arère ń ká jáde ní funfun, Bàbá á dúró, wọ́n á fi àtàǹpàkò wọn tẹ ojú igi náà láti ìdí dé ṣóńṣó, wọ́n á tún fá a. Ó jẹ́ 8 ní àárín, ó jẹ́ 4 ní ṣóńṣó. Ohun tí wọ́n mọ̀ bá ìwé ẹnjiníà mu pátápátá: ipá tó ń tẹ apá kò ju ọ̀fo lọ ní ṣóńṣó, ó ń pọ̀ sí i bó ṣe ń bọ̀ sídìí. Igi tó wà ní ṣóńṣó tí kò rí ẹrù rù, òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù. Nínú ètò náà, apótí kejì wà fún ìwọ̀n sípáà ní ṣóńṣó, a kò fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀ ni. A kọ 4 síbẹ̀. 13.6, yọ 8 kúrò, mìlímítà 5.6 kù láàárín ihò méjèèjì. Egungun wà lódindi.

Ohun mìíràn tún wà tí ètò náà kò ní apótí fún. Bàbá la pákó pélébé, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ àárín sípáà òkè àti tìsàlẹ̀, láti egungun kan dé èkejì, wọ́n jẹ́ kí iṣan igi dúró lóòró. Èyí ni kì í jẹ́ kí méjèèjì yọ̀ lórí ara wọn. Bí kò bá sí i, igi pẹlẹbẹ méjì lásán ni wọ́n. Bó bá ti wà, wọ́n di igi kan tó ga. Gíga igi sì ni agbára rẹ̀: bí o bá sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí káfíńtà tó ń kan òrùlé tó máa gbé pákó rẹ̀ sùn dípò kó gbé e dúró lórí etí.

Kí a tó fò ó, a dán an wò. Bàálù náà kò ní ẹ́ńjìnnì, okùn la máa fi fà á sókè, gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kílò kan. A fẹ́ kí apá lè ru ìlọ́po mẹ́rin. Ìwọ̀n kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n piọ́ wọ́tà wà, ọ̀rá kan sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì kílò. A dojú apá délẹ̀, a gbé àárín rẹ̀ lé àpótí ìjókòó, a sì ń tẹ́ piọ́ wọ́tà lé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí wọ́n fi pé mẹ́jọ. Ṣóńṣó méjèèjì ń rọ̀ sílẹ̀. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé etí sún mọ́ àárín apá, wọ́n ní kí gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n ń tẹ́tí bóyá igi máa dún. Kò dún. Nígbà tí a kó omi kúrò, apá padà sí bó ṣe wà. Àwọn ọmọ àdúgbò mu omi náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni a fò ó, ní òwúrọ̀ kùtù, lórí pápá kan, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Èmi ni mo sáré pẹ̀lú okùn. Ó gòkè, ó já okùn sílẹ̀, ó rá bàbà yí pápá náà ká, ó sì bà sórí koríko. Bàbá pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé oníbàárà kan ń retí ilẹ̀kùn.

Bàbá ti di ará ọ̀run báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní òkè òkun. Ètò kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ: XFLR5 wà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n gbé ka orí XFOIL tí Mark Drela kọ ní MIT ní 1986, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó rẹlẹ̀ jù ní ọjà sì lè gbé e láìlàágùn. Àwọn ọmọ tó ní ètò wọ̀nyí lọ́wọ́ pọ̀ ní Àkúrẹ́. Àwọn tó ti fọwọ́ kan pákó arère rí láàárín wọn ni kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé ìlagi ń da àjákù rẹ̀ nù tàbí kí wọ́n fi dáná.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, mo bẹ̀ yín: ẹ mú àwọn ọmọ yín jáde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó sún mọ́ yín jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àwòrán apá wọn dání, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ń fági, kí wọ́n sì dúró gbọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ̀yin káfíńtà, bí wọ́n bá dé, ẹ má lé wọn. Àjákù arère tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín ti tó wọn lò.